Ọdán Tí Saifudeen Gbìn Sílé Ìyá Rẹ̀

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí n sì tètè sọ ọ́: èmi fúnra mi wà lára àwọn tí mò ń bínú sí.

Saifudeen ni mò ń sọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Mọ̀ríámọ̀, ló bí i. Ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ tó lè tọrọ gáfárà lọ́wọ́ alángbá kó tó kọjá. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí Mọ̀ríámọ̀ gbé e padà wá sí agboolé wa. Wọ́n fún wọn ní yàrá mẹ́ta àti ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló gbé ìyàwó sí, ibẹ̀ ló bí Haneefah ọmọ rẹ̀ sí.

Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n gé ọdán ńlá kan lọ́nà Ọjà Igbó láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Saifudeen dúró wo àwọn ẹ̀gà tó tú ká, tí wọn ò mọ ibi tí wọn yóò bà sí. Ó ṣa ẹ̀ka méjì nínú igi náà, ó gbé wọn wálé, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan kú, ọ̀kan ta gbòǹgbò. Ó wá ayùnrẹ́ kún un, ó wá akòko. Kò fẹ́ igi òyìnbó kankan, ó ní àwọn ẹyẹ wa ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọdán so, àdàbà dé. Nígbà tí akòko tanná, oyin dé, àti àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń fa omi òdòdó mu. Lọ́dún kẹfà, ẹ̀gà dé. Wọ́n ya gbogbo ewé ọ̀pẹ àdúgbò tán láti fi kọ́ ìtẹ́, ariwo wọn ò sì jẹ́ ká gbọ́ rédíò mọ́. Mo bú wọn títí, inú mi sì ń dùn.

Nílé wa, ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ gbé lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ewúro. Kò gbọdọ̀ gbin igi tó máa pẹ́ láyé, torí ẹni tó bá gbìn ín ti sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Saifudeen mọ òfin yìí. Ohun tó rò ni pé igi tí èèyàn ò jẹ èso rẹ̀, tí kò ṣeé tà, kò sí nínú òfin. Kò rántí pé ọdán ni baba ńlá wa kọ́kọ́ gbìn nígbà tó tẹ agboolé yìí dó, àti pé ewé akòko ni wọ́n fi ń joyè.

Lóṣù kẹfà ọdún yìí, Bàbá Mashood, baálé wa, pe ìpàdé.

"Ọdán! Akòko!" ó ní. "Ọmọ tí obìnrin ilé wa bí ń tẹ ilé dó lójú wa, ó tún fẹ́ fi ara ẹ̀ jẹ baálé!"

Saifudeen dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, torí àwọn ẹyẹ ni mo ṣe gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí n sáìnì ìwé pé mi ò ní nǹkan kan níbẹ̀."

"Ìwé lẹ máa ń gbé lọ kóòtù. Ọwọ́ ara ẹ ni wàá fi gé e, lójú gbogbo wa, ní Sátidé. Tí o ò bá gé e, kó ìyá ẹ àti ìyàwó ẹ jáde."

"Ọmọ wà nínú ìtẹ́ wọn, Bàbá. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo èmi jù, torí Bàbá Mashood máa ń gba ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n yàrá tí èmi náà ń gbé, ẹbí ló ni ín. Mo tẹjú mọ́ fóònù mi.

Saifudeen wá yàrá kiri títí dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Ebenezer ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó rí, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, Mọ̀ríámọ̀ ò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Ní Sátidé, ó mú àáké. Mọ̀ríámọ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó ń sunkún.

"Gé e, Saifu. Dákun, gé e. Má jẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò nílé bàbá mi."

Ó gé e. Àárẹ̀ mú un, ó sinmi, ó tún gé e, kò sì sẹ́ni tó bá a gé. Akòko ló kọ́kọ́ wó. Nígbà tí ọdán wó, àwọn ẹ̀gà ń fò yí ojú ibẹ̀ ká, ewé ọ̀pẹ ṣì wà lẹ́nu àwọn kan. Òun àti Haneefah ṣa ọmọ ẹyẹ mẹ́rìndínlógún sínú abọ́. Wọ́n wá ikán fún wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bọ́ wọn. Kò sí èyí tó rí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá Mashood yìn ín. Ó ní ọmọ dáadáa ni, kó máa gbé ibẹ̀, kó gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

Mo lọ kí i lọ́jọ́ kejì tí igi wó. Ó jókòó sórí kùkùté ọdán náà. Ojú tì mí, mo ṣáà wá nǹkan sọ.

"Ó kéré tán, ilé ò bọ́ lọ́wọ́ yín."

Ó gbójú sókè. "Ilé ta ni, Àǹtí?"

Mo kí i pé ó kú ìrọ́jú, mo sì padà lọ sí yàrá tí wọ́n fún èmi náà.