Wọ́n Ní Ìka Adébùnmí Kì í Ṣe Ìka Èèyàn

Tí ẹ bá dé J Close ní Fifth Avenue, ní Festac, tí ẹ sì béèrè Màmá Bukky, ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa júwe fún yín. Ẹ má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò ní dá yín lóhùn, kódà kó jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Adébùnmí Ọlábọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe táípíìsì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Ìkòyí kó tó fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, tí Bukky, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì kó lọ sí Àbújá, ilé náà wá dákẹ́ jù fún un. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tí Bukky wá ṣọdún Kérésì, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún un, ó sì fi eré kan hàn án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò ni wọ́n fi ń sáré nínú eré náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ síwájú ẹni, bí èèyàn bá ṣe ń yára tẹ̀ ẹ́ sí ni mọ́tò rẹ̀ ṣe máa ń sáré sí. Ẹni tó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, mọ́tò rẹ̀ á dúró gbagidi títí tó fi máa tún un ṣe.

Ẹ̀rín pa Adébùnmí. "Eré lẹ pe èyí? Iṣẹ́ mi mà ni!"

Àwọn ọ̀dọ́ Festac, Àmúwò àti Satellite Town ní ẹgbẹ́ kan tó ń fi eré yìí díje lọ́jọ́ Ẹtì. Kálukú á wà nílé ara rẹ̀, wọ́n á pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́ládé, géńdé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kan tó ní ilé géèmù ní 23 Road, ló dá a sílẹ̀. Adébùnmí forúkọ sílẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ọjọ́ orí, òun náà kò sì sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra ló fi gba ipò kìíní, orúkọ rẹ̀ sì wà lókè téńté lójú pátákó wọn. Ní àárọ̀ Sátidé, kó tó bu ògì sẹ́nu, ó máa ń ṣí i wò. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ máa ń dùn bí inú ọmọ iléèwé. Ọdún márùndínlógójì ló fi tẹ orúkọ ẹlòmíì sókè ìwé.

Ní ọjọ́ Ẹtì keje, ó jókòó, ó wọlé bó ṣe máa ń wọlé, eré kò ṣí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: "A ti yọ ọ́ kúrò nítorí màgòmágó." Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wèrè. Ó pa á, ó tún un tàn, nǹkan kan náà ló rí. Ìgbà tó wá ṣí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ ló tó rí i pé ẹjọ́ òun ni wọ́n ń dá láti ọ̀sán, òun nìkan ni wọn kò pè sí kóòtù.

Kọ́ládé ló gbé àwòrán kan síbẹ̀. Eré náà máa ń ka àsìkò tó wà láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, á sì fi ìlà yà á. Ìlà ti àwọn yòókù ń lọ sókè sódò bí eyín ayùn. Ti Adébùnmí tẹ́ gbalaja bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kọ́ládé kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Guys, ẹ wo ìlà yìí dáadáa. Ọwọ́ èèyàn kankan ò lè lọ straight báyìí. Róbọ́ọ̀tì ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Adébùnmí, tó o bá jẹ́wọ́, tó o sì bẹ gbogbo ilé, a máa dárí jì ẹ́, wàá wọlé padà lóṣù tó ń bọ̀. Tó ò bá bẹ̀, ó parí nìyẹn."

Ẹnìkan dáhùn pé, "I talk am!" Ẹlòmíì kọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Olè."

Adébùnmí ka ọ̀rọ̀ kan péré yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlà náà ṣe tẹ́ fún yín, torí Kọ́ládé kò béèrè. Ní ọdún 1976, Adébùnmí kọ́ṣẹ́ táípù lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Clement, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Rúlà igi ni Ìyáàfin Clement máa ń gbá mọ́ tábìlì: kò, kò, kò. Lẹ́tà kan fún gbígbá kan. Ogún ọmọbìnrin, ogún ẹ̀rọ, ìró kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lọ́ra jẹ̀bi, ẹni tó bá yára jù náà jẹ̀bi, torí ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn, tí ìka bá sáré ju ara wọn lọ, irin inú rẹ̀ á há mọ́ra. Páálí ni wọ́n fi ń bo ọwọ́ wọn kí wọ́n má baà wo ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Tí ìró ẹnìkan bá ti yàtọ̀, gbogbo kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Adébùnmí fi máa jáde, ìka rẹ̀ kò mọ ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà rìn mọ́. Ohun tí wọ́n fi rúlà kọ́ ọ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni Kọ́ládé wò, tó ní róbọ́ọ̀tì ni. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Margaret wọlé wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti iléeṣẹ́ ìjọba, ilé kẹta sí tirẹ̀ ló ń gbé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó pòṣé.

"Bùnmí, nítorí eré ọmọdé lo ṣe ń fajú ro báyìí? Bẹ̀ wọ́n jàre. Ẹ̀bẹ̀ là á bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe."

"Mi ò bẹ̀."

"Kí ni ẹ̀bẹ̀ máa gbà lára ẹ?"

"Margaret, ìwọ ló ń bi mí? Ìwọ gan-an?"

Margaret wolẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ní ọdún 1984, lẹ́tà àṣírí kan jáde ní ọ́fíìsì wọn, ó bọ́ sọ́wọ́ oníwèé ìròyìn. Adébùnmí ló tẹ lẹ́tà náà, nítorí náà òun ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé, dì mú. Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Margaret ló gbà á nímọ̀ràn nígbà náà pé kó bẹ̀bẹ̀ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọwọ́ tẹ akọ̀wé tó jí lẹ́tà náà gbé. Adébùnmí sáré lọ bá ọ̀gá pé kó jọ̀ọ́, kó yọ ìwé òun kúrò nínú fáìlì. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tí o kò bá ṣe é, kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Ìwé náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni kò fi rí ìgbéga, tí àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ń kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Adébùnmí lóòótọ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Mo bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ohun tí mi ò ṣe," ló sọ fún Margaret. "Tí mo bá tún bẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé mo ṣe ti àkọ́kọ́ náà."

Ó wọ bàtà, ó mú báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí 23 Road.

Àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́jọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n nínú ilé géèmù náà. Kọ́ládé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé fọ́tókọ́pì lẹ fẹ́ ṣe?"

"Rárá. Ìwọ ni Kọ́ládé?"

"Èmi ni, Mà."

"Èmi ni Adébùnmí."

"Adébùnmí wo, Mà?"

"Adébùnmí olè."

Kọ́ládé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. "Mà, ẹ má bínú, àbí ọmọ yín ló ń lo orúkọ yín?"

"Ọmọ mi wà ní Àbújá. Fún mi ní àga."

"Mà, kò tiẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ní 'sorry', mo máa add yín padà nísinsìnyí. Àgbà ni yín."

"Mi ò wá gba àánú àgbà. Kọ̀ǹpútà tìrẹ ni mo fẹ́, kí o má baà sọ pé mo gbé róbọ́ọ̀tì sínú báàgì. Wá ọ̀rọ̀ tí mi ò rí rí."

Ó jókòó. Mọ́tò gbéra. Ìlà ọ̀rọ̀ méjì kò tíì pé tí bọ́tìnnì kan fi kọ̀, mọ́tò dúró gbagidi. Ẹnìkan ṣe "ẹ̀-hẹ́ẹ̀n!" lẹ́yìn rẹ̀. Adébùnmí fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà, ó lẹ̀: mínírà ni wọ́n dà sí i. Ó yọ hańkáṣíìfù, ó fi itọ́ rin ín, ó nu bọ́tìnnì náà títí tó fi já geere, wọ́n sì ń wò ó. Ìtìjú mú un díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Tún un bẹ̀rẹ̀," ló wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìró náà ń lọ ní dọ́gba-dọ́gba, kò sáré, kò falẹ̀, ojú obìnrin náà kò sì kúrò lára ọ̀rọ̀ tó ń kà. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù tì, wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Ọ̀rọ̀ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Kọ́ládé ṣí ìlà náà wò, ó tẹ́ gbalaja. Ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún tẹ́.

"Jésù," ni Kọ́ládé sọ. Ó fa fóònù yọ, ó kọ nǹkan, ó sì kà á sókè fún un tẹ̀ríntẹ̀rín: "Guys, Adébùnmí ti wá bá mi. A ti dárí jì wọ́n, wọ́n ti padà."

"Dárí kí ni jì mí?"

"Màmá, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn."

"Pa á rẹ́. Kọ ọ́ pé: Adébùnmí Ọlábọ̀dé kò ṣe màgòmágó kankan. Èmi Kọ́ládé ni mo ṣe àṣìṣe, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn."

Kọ́ládé wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa rí i o."

"Níwájú gbogbo wọn náà lẹ ti pè mí lólè."

Kọ́ládé fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣì í, ó ń tún un ṣe. Adébùnmí ti dìde dúró. Wọ́n tún gbé àga fún un, ó kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń ta á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà lọ tán, Kọ́ládé nu ojú, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa padà wá sínú ẹgbẹ́ ní Fráìdé?"

"Padà wá látibo? Èmi ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ṣí i."

Ó dúró tì í títí ó fi ṣí i.