Owó Inú Aṣọ

"Ó Ti Tán" ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ fà á. Oníbàárà kò ní tíì jókòó dáadáa tó fi máa sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, aṣọ yín ti tán." Bẹ́ẹ̀, aṣọ ọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, àlùmọ́gàjí kò tíì kàn án. Owó àsansílẹ̀ rẹ̀ ló ti tán.

Ó mọ aṣọ rán bí ẹni mowó, owó gan-an ni kò mọ̀. Èyí tí wọ́n bá ti kó lé e lọ́wọ́, ó ti di tirẹ̀ lójú ara rẹ̀ nìyẹn. Ó fi ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ògiri, ó ra bàtà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àfi bí ẹni tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Bí owó òwú bá wá wọ́n, á gba àsansílẹ̀ ẹlòmíì, á fi rán ti ẹni àná. Nígbà tó yá, aṣọ mọ́kàndínlógún wà nílẹ̀, kò sì sí owó bọ́tìnnì kan lápò rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a rán bọ́tìnnì. Òun náà ni àwọn oníbàárà máa ń bá ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọkọ á ti gba ẹ̀yìn sá lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan pè é ní ìyàwó olè lójú gbogbo ayé, ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ ń bá télọ̀ òdìkejì títì ṣiṣẹ́.

"Mi ò kọ ilé sílẹ̀ o, bàbá wọn," ló wí. "Ṣọ́ọ̀bù yín ni mo kọ̀. Ìtìjú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkùnrin náà wọra. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa padà sí ṣọ́ọ̀bù ló kù tó ń rò. Ó ta tẹlifíṣọ̀n, ó ta bàtà méjì, ó fi rán gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ láìgba iṣẹ́ tuntun. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́, ńṣe ló ń fi píìnì gún àsansílẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó ni ín. Ohun tí aṣọ yẹn bá nílò nìkan ló ń yọ níbẹ̀.

"Àbí owó lo fẹ́ rán ní ṣòkòtò ni?" làwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń gún píìnì rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tó ń ta fóònù wọlé. Fóònù náà rẹwà. Télọ̀ ti yọ píìnì kúrò lára aṣọ búlúù kan kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó yára gún un padà, ó gún ara rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì tó ni aṣọ búlúù náà dé, ó ti múra ìjà wá. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà, ọ̀la ló ń lọ, ó sì fẹ́ gba aṣọ àti owó rẹ̀ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún mi pé owó mi ti tán!"

Télọ̀ tú aṣọ, ó yọ píìnì. "Gbogbo ẹ̀ rèé. Mi ò tíì gé aṣọ yín."

"Háà! Owó tí mo fún yín gan-an nìyí! Nọ́ńbà tí mo kọ sí i ṣì wà lára ẹ̀!"

Ariwo yẹn dé òdìkejì títì. Ìyàwó rò pé ìjà ló ti dé, ó sáré wá bẹ̀bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀rín ló bá. Ó wo ihò píìnì lára owó tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wo àwọn aṣọ yòókù, píìnì wà lára gbogbo wọn.

"Bàbá wọn," ó wí, "bọ́tìnnì ta ni kí n kọ́kọ́ rán?"

Ọkùnrin náà nu omijé ojú rẹ̀, ó mú aṣọ kan lára àwọn tó kù, ó nà án sí i.