Pépà Tí Ìyá Mi Gbé Kọ́ Sára Ògiri

Kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀, fóònù ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Kì í ṣe ìròyìn ni mo ń wá. Iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ mi ti tọ́ka sí pépà ìwádìí mi nínú tiwọn ni mo ń wò, torí ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ olùkọ́ yunifásítì tó tó ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ó bá fi ẹyọ kan lé, orin á bọ́ sí mi lẹ́nu nílé ìwẹ̀. Ìyàwó mi á pariwo láti kíṣìnnì pé, "Ṣé ẹlòmíì ni, àbí ẹ̀yin náà lẹ tún tọ́ka síra yín?" Ó mọ̀ mí. Nínú gbogbo àwọn tó ń tọ́ka sí mi, kò sẹ́ni tó mọ iyì iṣẹ́ mi tó èmi alára.

Fáírọ́ọ̀sì ni mo kọ́, pàápàá èyí tó ń fa lùkúlùkú, àrùn tó ń yí adìyẹ lọ́rùn títí á fi kú. Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ìyá mi ni mo fi kọ pépà mi tó lókìkí jù. Mo gbé kúlà oníyìnyín láti Ìkàrẹ́ lọ bá a ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Òun fúnra rẹ̀ ló di adìyẹ mú fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, pé dókítà ni. Nígbà tí pépà náà jáde, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo fi ta á lọ́rẹ. Ó fi ojú ewé àkọ́kọ́ sínú férémù, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi, ó sì ń fi í han gbogbo àlejò. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, èmi náà ò sì sọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù ìgbéga ni ìyá mi pè mí.

"Àwọn adìyẹ ń yí ọrùn o. Wọn ò jẹun mọ́."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Òun ni Ìyá Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún náà, ó sì ti dìde sọ níwájú ìjọ pé adìyẹ òun lòún máa fi bọ́ àlejò. Mo ní mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ to àwọn pépà mi tán sínú fọ́ọ̀mù, kí n má baà fo ọ̀kan. Ọjọ́ kejì ni mo dé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù.

Nílé kejì, adìyẹ ọ̀rẹ́ ìyá mi ń jẹ̀ káàkiri.

"Oògùn àjẹsára ni mo rà ní Ìkàrẹ́," ni obìnrin náà wí. "Mo kán ẹyọ kan sí ojú adìyẹ kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ló sọ fún mi."

Ìyá mi kọjú sí mi. "Ṣé ìwọ mọ oògùn yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mọ̀ọ́mi."

"Ṣé ó wà nínú ìwé ara ògiri yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Lọ gbé e wá. Kà á sí mi létí."

Mo túmọ̀ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lójú ewé náà fún un: oògùn kan wà tó ń dènà àrùn yìí, kò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ọ̀kà kò mọ̀ nípa rẹ̀.

"Àwọn wo ló ń sin adìyẹ ọ̀hún?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi tí mo di adìyẹ mú fún ọ," ló wí, "o ò rí ẹnu sọ ọ́ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ lókè òkun, la máa ń kọ̀wé sí, pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ojú tì mí.

Adìyẹ inú yìnyín tí mo rà ló fi bọ́ àlejò ìkórè. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Òun nìkan ni kò fẹnu kàn án.

Mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí fóònù, iye mi ti fi ẹyọ kan lé, ẹlòmíì ló sì tọ́ka sí mi. Mo ka pépà rẹ̀. Gbólóhùn ara ògiri yẹn ló mú lò, pé àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ọ̀kà kò mọ̀ nípa oògùn àjẹsára. Èmi ló fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo wọ ilé ìwẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ìyàwó mi wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun ò gbọ́ orin, ṣé kò sí nǹkan.