Àmì Tí Ọ̀gá Kò Sún

Ìfé tí ọ̀gá mi ní Logbaba, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, máa ń sú kó tó gé fídíò ṣì ń bí mi nínú. Lórí kọ̀ǹpútà, mo fi àmì sí ibi tí ìyàwó kan ti kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí ìyá rẹ̀ tó wà ní Ṣakí, ẹni tí ìjà ààlà ilẹ̀ ní Bakassi kò jẹ́ kó wá síbi ìgbéyàwó. Ọ̀gá yọ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán sún síwájú, àmì kò kúrò lójú kan, ìkíni náà sì bọ́ sí ìṣáájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ sún àmì yẹn o!"

"Doucement! Rọra! Ta ló gba ìwọ síṣẹ́?"

Ó rò pé ibi àmì ni ìkíni ṣì ti bẹ̀rẹ̀, ó gé gbogbo ohun tó ṣáájú àmì dànù, ìkíni náà sì bá a lọ. Ó tún ti gba ìgbéyàwó mìíràn sórí kásẹ́ẹ̀tì tí a kọ́kọ́ fi gba ti ìyàwó yìí, kò sì sí ibòmíràn tí a ti lè rí ìkíni náà.

Ìyá náà wo fídíò tán, ó tẹ̀ wá láago: "Kí ni mo ṣe fún ọmọ mi tí kò fi kí mi?"