Ẹja tí Ràṣídì dá padà sódò

Ìyàwó mi, ìyá Sàlámì, kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ràṣídì, àbíkẹ́yìn wa, kò kúrò ní Àbíjàn wá sin ín.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé báyìí; òní ló kó èmi àti ìyàwó rẹ̀ lọ gbafẹ́ létí odò lọ́nà Ìsúndúnrin. Ó so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ìwọ̀ dípò ekòló, ó sì fi mú ẹja ńlá kan láàyè. Ló bá dá a padà sódò.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Bàbá, eré la wá ṣe. Ẹ jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀."

Ẹja ló ń ṣàánú.

Nígbà tá a délé, ó ní kí n mú òun lọ sídìí sàréè ìyá òun. Mo wò ó, mo wọlé.

Ẹ̀yin ará ilé, kí lẹ rí sí i?

Sàlámì, ìwọ ni àkọ́bí. Ìwọ ni kó o dá a lóhùn.