Àfòpiná Inú Àpótí Ìyá Mi

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìyá mi máa ń kí kòkòrò kú àárọ̀ kó tó kí ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló fi tọ́ wa, ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò sì ju ibi téèyàn lè sá aṣọ sí lọ. Níbẹ̀ ni bàbá mi, oníṣẹ́ iná, ti kan àpótí kan fún un: gílóòbù wà lára ìdérí rẹ̀, ihò wà lábẹ́ gílóòbù, kíréètì ẹyin onípáálí sì wà nínú. Àfòpiná á rí iná lálẹ́, á kó sínú ihò, á sì sùn sábẹ́ páálí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá mi á wá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ wọ́n sílẹ̀, á sì tú wọn sábẹ́ ewé kí ẹyẹ má baà rí wọn. Kò mọ orúkọ táwọn ọ̀mọ̀wé ń pè wọ́n, kò sì béèrè. Orúkọ aṣọ ló sọ wọ́n: Alárán, Onílẹ́ẹ̀sì, Aṣọ-Ọ̀fọ̀. Èyí tí etí ìyẹ́ rẹ̀ rí jákujàku ń jẹ́ Aránṣọ-Ò-Parí-Ẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní tó bá jiná dáadáa, á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbàgbé abẹ́rẹ́. Ó ní kó máa kán oògùn sójú nírọ̀lẹ́, kó sì dijú sinmi. Bàbá mi ló wá ń tan iná àpótí, òun náà ló sì ń gbé ìdérí kúrò láàárọ̀ kó tó pè é.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Àpótí tó máa ń kún fọ́fọ́ wá di ibi tó ti ń rí ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Ìyá mi gbà pé àfòpiná wà níbẹ̀, ojú òun ni ò rí wọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á débi pé kì í wo ojú èèyàn tààrà mọ́, kí òun fúnra rẹ̀ má baà mọ bí ojú òun ṣe bàjẹ́ tó.

Mo wálé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi fà mí lọ sẹ́yìnkùlé.

"Wo inú àpótí yẹn. Mélòó lo rí?"

Mo tú gbogbo páálí. "Méjì ni, Mọ́mì."

"Wò ó dáadáa!"

"Mo ti wò ó. Alárán kan, Aránṣọ-Ò-Parí-Ẹ̀ kan. Ó tán."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ó bú sẹ́kún. "Méjì lèmi náà rí! Ojú mi ò fọ́ o! Méjì lèmi náà rí!"

Ìgbà yẹn ló tó sọ gbogbo ohun tó ti ń dá nìkan gbé. Bàbá mi ti sáré jáde, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ibo wá làwọn tó kù lọ?" mo béèrè.

Bàbá mi họrí. "Àbí gílóòbù yẹn ni?"

"Gílóòbù wo?" èmi àti ìyá mi pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó gbé ìdérí wá. Gílóòbù náà pupa rúsúrúsú bí epo. "Mo rò pé funfun yẹn á máa gún ẹ lójú, ni mo bá fi yẹ́lò sí i."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Bàbá yìí kan náà ló ń fi yẹ́lò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, kí kòkòrò má baà yọ wọ́n lẹ́nu! Ìfẹ́ ìyàwó ti jẹ́ kó gbàgbé iṣẹ́ tó kọ́.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ fẹ́ fi ìkẹ́ pa mí ni?" Ó nu ojú rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ dáadáa. "Irú irùngbọ̀n wo nìyẹn? Ẹ fá apá ọ̀tún, ẹ fi tòsì sílẹ̀."

Bàbá mi fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ń retí ọjọ́ tó o máa rí i."