Àga Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ọkọ̀ Ìdíje

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń tutọ́ sínú ife. Ife ike funfun kan báyìí. Bó bá ń lọ aṣọ, ife náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù. Bó bá kún, á lọ dà á nù, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń fọ ife náà. Ó ń rí mi lára títí dòní.

Alágbàfọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì méjì, okùn aṣọ, ooru. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Oníbàárà kan bínú wá bá a pé ó ti jẹ́ kí aṣọ òun súnkì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Aṣọ ò kúrò níbi tó wà, mà. Ẹ̀yin lẹ rìn síwájú." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ti dé orí omi. Ẹgbẹ́ atukọ̀ kan wà létí odò wa, wọ́n máa ń bá ẹgbẹ́ ibòmíràn díje. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin ni wọ́n fi í sí, àga kejì.

Nínú ọkọ̀ náà ló kú sí, lọ́jọ́ ìdíje. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kóòṣì ẹgbẹ́ náà wá sílé wa, ó di ọwọ́ ìyá wa mú, ó ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá wa tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Kóòṣì ránṣẹ́ pè mí.

"Àbúrò, àga ẹ̀gbọ́n ẹ ṣófo. Ìdíje míì ku oṣù mẹ́rin. Ṣe é nítorí ẹ̀."

Mo gbà. Mo fẹ́ jókòó síbi tó jókòó sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ náà, tí à ń pè ní Káfíńtà, ló kọ́ mi. Àga kìíní ni tiẹ̀, ní orí ọkọ̀. Gbogbo wa la kẹ̀yìn síbi tí à ń lọ. Àga ń yí lórí irin, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo rò pé apá ni wọ́n fi ń tukọ̀.

"Ẹsẹ̀ ni," ni Káfíńtà wí. "Fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀. Ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Apá ló kẹ́yìn. Bó o bá fi apá ṣáájú, o ò ní débì kankan."

Àjẹ̀ á wọ omi, a ó tì, àjẹ̀ á jáde, a ó fara balẹ̀ padà. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá pẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ á fì. Lọ́jọ́ kìíní, omi gba àjẹ̀ mi mú, ọwọ́ àjẹ̀ gbá mi láyà, mo ré sódò.

Káfíńtà ní, "Ẹ kú ìwẹ̀."

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn ọkọ̀ títù náà. Ọjọ́ tí àjẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́ wọ omi bí ẹyọ kan, mo gbàgbé pé mò ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹni tí à ń tẹ̀ lé wà ní àga kẹrin, ní ìdí ọkọ̀. Bó bá yára, a ó yára. Àmọ́ ó kẹ̀yìn sí wa, kì í rí ẹnì kankan. Dáódù là ń pè é. Bàbá rẹ̀ ni alága ẹgbẹ́.

Lóṣù kẹta, Kóòṣì gbé òṣùwọ̀n jáde. Ìdíje àwọn tó fúyẹ́ ni tiwa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju kílò méjìléláàádọ́rin àtààbọ̀ lọ. Wọ́n á tún ro ti àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Kò gbọdọ̀ ju igba kílò ó lé ọgọ́rin. Dáódù jẹ́ méjìléláàádọ́rin àtààbọ̀, kò lé, kò dín. Káfíńtà, mọ́kànléláàádọ́rin. Tíṣà tó wà ní àga kẹta, àádọ́rin àtààbọ̀. Kóòṣì ṣírò rẹ̀ sára pátákó. Ohun tó ṣẹ́ kù fún èmi ni mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo jẹ́.

"Kílò mẹ́ta péré lo máa bọ́ sílẹ̀," ni Kóòṣì wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ bọ́ mẹ́rin."

Ó ju ẹ̀wù ọ̀rá kan sí mi, èyí tí wọ́n fi ń sáré kí òógùn lè jáde. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Òógùn tó ti kan ń rùn nínú rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́.

Mo bi Káfíńtà pé kí ló dé tí Dáódù kì í bọ́ kílò kankan.

"Oúnjẹ ò ṣeé gbà lẹ́nu ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ló sì ra ọkọ̀."

Kànrìnkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọ ọkọ̀. Mo ní, "Báwo ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe kú gan-an?"

Kò gbójú sókè. "Ó ku igba mítà ká parí. Mo rí i tó dorí kodò. Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ké pé ẹ dúró. Dáódù ní ó ku díẹ̀, ẹ tù ú."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Mo tù ú."

Mo bì sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí oúnjẹ nínú mi, omi kíkorò lásán ni. Ilé ni mo yẹ kí n gbà lọ. Mo tún wọ ẹ̀wù náà lọ́jọ́ kejì. Mo kórìíra ara mi fún ìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdíje, òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ wa fi hàn pé mo ṣì fi ìdajì kílò lé. Kóòṣì gbé ife lé mi lọ́wọ́ kí n lè tutọ́ ìdajì kílò náà dànù. Mò ń tutọ́. Itọ́ náà ń fà bí ọ̀dà. Dáódù nà gbọọrọ sórí koríko, ó ń já èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tutọ́ jàre, ká lè lọ jẹun," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ kì í pẹ́ tó báyìí."

Mo da ife náà sí i lẹ́sẹ̀. Mo gbé ìgò omi tí a fi pamọ́ de ìgbà tí a bá gun òṣùwọ̀n tán, lítà kan àtààbọ̀. Mo mu ún tán. Mo jáde lọ gun òṣùwọ̀n àwọn adájọ́.

Adájọ́ ro tiwa pọ̀. Ó ní, "Ẹ fi kílò méjì lé. Ẹ ṣì ní ogójì ìṣẹ́jú láti dín in kù."

Kóòṣì wò mí. Mo jókòó sílẹ̀. Ó wá na ẹ̀wù ọ̀rá náà sí Dáódù. Dáódù gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú.

"Ó ń rùn."

"Wọ̀ ọ́," ni Káfíńtà wí.

Kò wọ̀ ọ́. Ó ju ẹ̀wù náà sílẹ̀, ó lọ jókòó sínú mọ́tò bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ wa kò kan omi lọ́jọ́ náà.

Kóòṣì ní, "O ti ba iṣẹ́ òkú jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo délé, ìyá wa ní ṣé a ṣe dáadáa. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí òṣùwọ̀n dé orí igba mítà. Kò sunkún. Ó ní kí n tún iye kílò tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sọ. Mo ní mẹ́rin.



"Ọjọ́ tí mo bí i," ló wí, "nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kò tó bẹ́ẹ̀."